FT8 láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì: mò ń gbọ́ ayé, ayé ò gbọ́ mi

Wáyà_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí rédíò. Ìwé àṣẹ mi ti jáde, orúkọ ìpè 5N (ti Nàìjíríà) ti dọ́wọ́ mi, FT8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń ránṣẹ́ kúkúrú sí kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ rédíò, ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ níbí. Ohun tí mo tò jọ nìyí: rédíò Icom àtijọ́ oníwáàtì 100 tí kò ní ihò USB, àmọ́ tó ní ihò ACC (ti àwọn ohun èlò àfikún) lẹ́yìn; láptọ́ọ̀pù Windows 10 tí mo fi WSJT-X (sọ́fítíwíà FT8) sí; sọ́ǹdì káàdì kékeré onígi USB; CH340 (pákó kékeré tó ń so USB mọ́ rédíò) tó ń tẹ PTT (bọ́tìnì ìránṣẹ́) nípasẹ̀ tiransísítọ̀ 2N2222 kan. Áńtẹ́nà mi jẹ́ wáyà mítà 20 tí mo nà láti ojú fèrèsé dé orí ọ̀pẹ, tiransifọ́mà 49:1 wà lẹ́nu rẹ̀, kébù mítà mẹ́rin ló sì so ó mọ́ rédíò. Bátìrì ínfátà ilé ló ń gbé rédíò: méjì ni wọ́n, àpapọ̀ wọn jẹ́ fólítì 24, mo já 12 lára ọ̀kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀: lórí 14.074 MHz, ojú waterfall (àwòrán ìró tó ń wọlé) kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin péré ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ló sì gbé DT 1.8 sí 2.1. Lórí 7.074 lálẹ́, ìró tún pọ̀ ju ti 14 lọ, kò sì sí ẹyọ ìlà kan tó ń tú. Tí mo bá pe CQ (ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́), mítà ń fi wáàtì 95 hàn, abẹ́rẹ́ ALC (tó ń ṣọ́ bí ìró tí à ń rán ṣe pọ̀ tó) ń lọ dé òpin, síbẹ̀ PSK Reporter (ojúlé tó ń fi àwọn tó gbọ́ni hàn) ní ibùdó méjì péré ló gbọ́ mi. Paríparì rẹ̀, bí mo bá ti ki CH340 bọ láptọ́ọ̀pù báyìí, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ nígbà tí mi ò tíì ṣí WSJT-X rárá. Nígbà míràn ẹ̀wẹ̀, àárín ìpè ni Windows máa ń kéde pé USB ti já.

Ṣé kí n wá ámípílífáyà ni, àbí wáyà mi ló kúrú?

Adó_14074

Wáyà yín ò kúrú, ẹ má sì tíì náwó sórí ámípílífáyà kankan. Àìsàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ kó jọ síbẹ̀ yẹn, oògùn kan ò lè wò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú ti gbígbọ́, ẹlòmíràn á mú ti ríránṣẹ́.

Aago ni àkọ́kọ́. FT8 pín ìṣẹ́jú kan sí mẹ́rin, ó ń bẹ̀rẹ̀ ní 0, 15, 30 àti 45. Ẹni tó ń ránṣẹ́ máa ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 12.64, a sì dákẹ́ kí kọ̀ǹpútà ẹni kejì ráyè tú u. DT ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín aago yín àti ti ẹni tí ẹ ń gbọ́. Bó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló gbé 1.9, aago tirẹ̀ ló ṣìnà. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ló gbé e, aago tiyín ni. Tiyín jẹ́ ti ìròpọ̀, ìyẹn ni pé aago yín ti sáré ṣíwájú. Ká ní àmì ìyọkúrò ló wà níwájú rẹ̀, ó rọ sẹ́yìn nìyẹn. Bí ẹ ṣe wà ní nǹkan bí 2 yìí, etí bèbè lẹ wà: èyí tí ìró rẹ̀ le nìkan ló ń tú, ìyókù ń ṣòfò. Aago kan náà ló sì ń pa ìpè yín, torí ẹ̀yin náà ń bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ṣáájú àkókò pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ibùdó méjì tó gbọ́ yín yẹn, wọ́n gbìyànjú ni.

Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ hotspot fóònù fún ìṣẹ́jú kan, ẹ lọ sí Settings, Time & language, kí ẹ tẹ "Sync now". Tí kò bá gbà, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ kọ `w32tm /resync`. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa ṣe é kí ẹ tó jókòó sídìí rédíò, nítorí kírísítà aago kọ̀ǹpútà tó bá fi ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan ṣìnà á ti sọ ìṣẹ́jú-àáyá 1.7 nù láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lórí òkè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé, kó ra GPS onígi USB, kó gbé e sójú fèrèsé, kó fi BktTimeSync tàbí NMEATime kà á sínú Windows; lórí Linux, gpsd àti chrony ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má sì fọwọ́ yí aago sẹ́yìn ní wákàtí kan nítorí UTC (aago àgbáyé). Tí zone Nàìjíríà bá ti wà lórí láptọ́ọ̀pù, WSJT-X á yọ wákàtí kan náà fúnra rẹ̀.

Ti 7.074: mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé LSB (lower sideband, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀) ni rédíò yín wà. Àṣà àwa tó ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ ni pé tó bá ti wá sábẹ́ 10 MHz, LSB ni, àwọn rédíò míràn sì máa ń yí síbẹ̀ fúnra wọn bí a bá ṣe yí bandi. FT8 ò mọ àṣà yẹn. USB (upper sideband, ẹ̀gbẹ́ òkè) ni lórí gbogbo bandi, láti 1.8 dé 28 MHz. Lórí LSB, ìró gbogbo á dorí kodò: ẹ ó rí i lójú waterfall, kò ní tú títí ilẹ̀ á fi mọ́. USB tí mò ń wí yìí kì í ṣe ihò kọ̀ǹpútà o. Ẹni tó fún nǹkan méjèèjì lórúkọ kan náà ló fìyà jẹ gbogbo wa.

Ó ku bí ìró ṣe ń wọlé. Ẹ wo òpó àwọ̀ ewé tó wà lápá òsì nísàlẹ̀ WSJT-X. Nígbà tó bá jẹ́ ariwo bandi lásán ló ń wọlé, kó dúró ní nǹkan bí 30 dB. Tó bá pupa, ẹ ti rì í. Ihò máíkì sọ́ǹdì káàdì onígi USB máa ń gba ìró kékeré, èyí tó ń jáde lára ACC sì pọ̀ jù fún un. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 10k sí ojú ọ̀nà, kí ẹ so 1k láti ẹ̀yìn rẹ̀ sí ilẹ̀. Ìyẹn á dín in kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá. Nínú Windows, ẹ yọ gbogbo "enhancements" kúrò, ẹ fi í sí 48000 Hz. Lórí rédíò, ẹ pa NB àti NR (àwọn tó ń pa ariwo), kí ẹ ṣí fílítà dé ibi tó fẹ̀ jù. NR yẹn, etí ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Ó máa ń ba FT8 jẹ́ ni.

Sọ́dà_Ọ̀yẹ́

Ẹ̀gbọ́n Adó ti ṣe apá ti wọn, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí PTT tó ń tẹ ara rẹ̀.

CH340 tó jẹ́ pákó kékeré oníhò TTL (oní fólítì 3.3 tàbí 5) ni ẹ ń lò, àbí? Lẹ́nu ihò TTL, RTS (ẹsẹ̀ tó ń gbé àṣẹ PTT) ń ṣiṣẹ́ ní ìdàkejì. Nígbà tó bá wà ní ìsinmi, ó wà lókè ní fólítì 3.3 tàbí 5. Nígbà tí WSJT-X bá ní kó tẹ PTT, ìgbà yẹn ló ń wálẹ̀ sí òdo. Ẹ̀yin so ó mọ́ ẹsẹ̀ base 2N2222, nítorí náà bí USB bá ti ríná, tiransísítọ̀ ti ṣí, rédíò ti ń ránṣẹ́. Ẹ yọ 2N2222 yẹn, ẹ fi optocoupler PC817 (tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àṣẹ kọjá) rọ́pò rẹ̀. Ẹsẹ̀ 1 lọ sí +5V CH340 nípasẹ̀ rẹsísítọ̀ 1k, ẹsẹ̀ 2 lọ sí RTS. Lápá kejì, ẹsẹ̀ 4 lọ sí SEND ACC, ẹsẹ̀ 3 lọ sí ilẹ̀ rédíò. Báyìí, nígbà tí RTS bá wálẹ̀ nìkan ni iná inú rẹ̀ á tàn. Àǹfààní kejì ni pé ilẹ̀ kọ̀ǹpútà àti ilẹ̀ rédíò ò fara kan ara wọn mọ́. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ inú ACC yàtọ̀ láti rédíò sí rédíò, inú ìwé atọ́nà tiyín ni kí ẹ ti wò ó. Orúkọ tí ẹ ń wá ni SEND (PTT), MOD (ìró tó ń wọ rédíò), AF (ìró tó ń jáde) àti GND (ilẹ̀). Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù tàn tán kí ẹ tó tan rédíò, torí Windows máa ń fọwọ́ kan àwọn ihò náà nígbà tó bá ń jí.

Ẹ ṣe ohun kan náà fún ìró: tiransifọ́mà 600:600 kan fún lílọ, òmíràn fún bíbọ̀. Wọ́n wà nínú mọ́dẹ́ẹ̀mù tẹlifóònù àtijọ́, ẹ kò nílò láti rà wọ́n ní tuntun. Láìsí wọn, ẹ ó máa gbọ́ ìkùn ṣájà láptọ́ọ̀pù nínú gbogbo ohun tí ẹ bá rán.

Wàyí o, ALC. FT8 jẹ́ ìró kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kì í lọ sókè sódò bí ohùn, nítorí náà kì í ṣe abẹ́rẹ́ ALC fúnra rẹ̀ ló burú. Ohun tó burú ni ohun tí abẹ́rẹ́ yẹn ń sọ: ìró tó ń wọ MOD ti pọ̀ débi pé ó ń ya lórí. Bí ẹ bá wà ní 800 Hz, ìró yíya á bí ọmọ ní 1600 àti 2400, ẹ ó máa dí ọ̀nà ẹlòmíràn, agbára yín á sì pín sára àwọn ọmọ ìyá burúkú yẹn. Ẹ fi 10k àti 1k sí ọ̀nà MOD náà, ẹnu láptọ́ọ̀pù lè gbé tó fólítì kan jáde nígbà tí rédíò ń fẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ẹ wá so dummy load ohm 50 (ohun tó ń gba agbára dípò áńtẹ́nà) mọ́ rédíò, ẹ fi RF POWER sí 40, ẹ tẹ Tune. Ẹ fà "Pwr" WSJT-X sókè díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ ALC á fi gbéra, kí ẹ fà á padà títí á fi sùn pátápátá. Níbi tí ó bá sùn sí yẹn, ó yẹ kí ẹ wà ní wáàtì 30 tàbí bíi rẹ̀. Nínú Settings, abala Radio, ẹ mú "Fake It" lábẹ́ Split. Ìyẹn á máa yí rédíò kí ìró lè wà láàárín 1500 sí 2000 Hz nígbà gbogbo, ọmọ tí ìró náà bá bí á sì bọ́ síta fílítà. CAT (bí kọ̀ǹpútà ṣe ń darí rédíò) ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn o, nítorí náà ẹ ó nílò okùn CI-V (ti Icom fún un) pẹ̀lú. Bí kò bá tíì sí, ẹ kàn fọwọ́ yan ibi tó ju 1500 lọ.

Ẹ yọ máíkì kúrò lẹ́nu rédíò. Lórí àwọn rédíò tí kò ní DATA mode, máíkì lè ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú ACC, àkùkọ àdúgbò á sì bá yín pe CQ.

OníBátìrì_Ìkọ̀lé

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ wáàtì 30 yẹn, mi ò gbà á fún gbogbo ìgbà. Lórí 28 MHz ní ọ̀sán, 10 tó. Lórí 7 MHz lákòókò òjò, nígbà tí ààrá ń sán káàkiri, ẹ lè lọ sí 50. Kó má kọjá bẹ́ẹ̀, torí ìró tí kò sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá 12 ń gbóná ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú ìbéèrè yín ni fólítì 12 tí ẹ já lára bátìrì 24. Ẹ já a kúrò lónìí. Bátìrì tí rédíò ń mu á máa ṣófo ju èkejì lọ, ṣájà ò mọ̀, àpapọ̀ nìkan ló ń wò; èyí tó kún á máa hó, èyí tó ṣófo ò ní kún láé. Láàárín oṣù díẹ̀ méjèèjì á ti kú. Ẹ ra bátìrì 12 tirẹ̀ lọ́tọ̀, 50 Ah ti lítíọ́ọ̀mù tó fún ìrọ̀lẹ́ kan: rédíò ń jẹ nǹkan bí ámípíà kan tó bá ń gbọ́, bíi 10 tó bá ń rán wáàtì 30. Ẹ má lo ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 24 di 12, ariwo ló kún inú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Wáyà bátìrì náà ńkọ́? Wáyà 1.5 mm² tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé, tó bá gùn mítà mẹ́ta ní lílọ àti mẹ́ta ní bíbọ̀, á jẹ fólítì 1.4 tí ámípíà 20 bá ń gbà á kọjá. Rédíò tí wọ́n ṣe fún 13.8, tó ń fẹ́ kó má dín ní 11.7, á máa kú á máa jí. Ẹ lo 6 mm², 0.35 péré ló máa jẹ. Fíúùsì lórí wáyà méjèèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ariwo ilé. Ẹ gbé rédíò sórí bátìrì tirẹ̀, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, ẹ wo S-mítà (abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìró tó ń wọlé) lórí 14 MHz. Ẹ wá pa ínfátà, kí ẹ tún wò ó. Ẹ pa kọntiróólà sólà, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ pa àwọn gílóòbù LED lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí abẹ́rẹ́ bá wálẹ̀ fún ni ọ̀tá. Lọ́pọ̀ ilé, kọntiróólà sólà ni: lọ́sàn-án ló ń pariwo, bí oòrùn bá ti wọ̀ ó dákẹ́, ènìyàn á sì rò pé bandi ló ṣí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ń pariwo láti ibi plọ́ọ̀gì. Tó bá jẹ́ ti aládùúgbò, sùúrù nìkan ló kù.

Wáyà_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Mo tún aago ṣe: DT ti di 0.2, ìlà 20 sí 30 ló ń tú lórí 14.074. Lóòótọ́ ni, LSB ni mo wà lórí 7. Mo yí i, wọ́n rọ́ wọlé bí òjò. PC817 ti wọlé, rédíò ò tẹ ara rẹ̀ mọ́. Rédíò ti ní bátìrì 12 tirẹ̀. PSK Reporter fi ibùdó tó lé ní ogójì hàn lánàá pẹ̀lú wáàtì 30.

Ohun tó ṣẹ́kù: lórí 14, Windows ṣì ń kéde pé USB já, ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìpè mẹ́rin. Lórí 28 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sì pe CQ lórí 28.074, àwọn tó dáhùn pọ̀ débi pé mi ò mọ ẹni tí mo ń dá lóhùn.

Ìgbì_Ìjerò

USB tó ń já yẹn, áńtẹ́nà yín ló ń wọlé wá bá yín. Wáyà tí a fún ní ìkangun kan máa ń wá ìdajì rẹ̀ kejì. Tí ẹ kò bá fún un, ara òde kébù coax ló máa lò, coax yín sì kúrú, tiransifọ́mà yín ojú fèrèsé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù. Bí bandi kan á ṣe ṣe é tí òmíràn ò ní ṣe é, ìwọ̀n gígùn kébù ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ gbé tiransifọ́mà jáde sí òpin ọgbà, kí coax gùn tó mítà 10 sí 15 dé inú ilé. Ẹ so wáyà mítà méjì mọ́ ojú ilẹ̀ tiransifọ́mà. Lẹ́nu ibi tí coax ti ń wọlé, ẹ yí i ní ìgbà 12 mọ́ òrùka ferrite FT240-31, RG-58 á gbà á. Irú 31 ni kí ẹ bèèrè. 43 ń ṣe dáadáa lókè, ó ń rẹ̀ ní 7 àti sísàlẹ̀. Fún okùn USB, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ tọrọ kébù VGA àtijọ́: kókó tó wà létí rẹ̀ yẹn, ferrite ni. Ẹ tú u, ẹ yí okùn USB mọ́ ọn ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Okùn USB fúnra rẹ̀ kó má gùn ju mítà kan.

Tí ẹ bá láyè, dipole kan (wáyà alápá méjì) fún 14 MHz sàn ju wáyà yẹn lọ, kò sì ní dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Gígùn rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 143 tí a fi 14.074 pín, ìyẹn mítà 10.16, ẹ gé apá kọ̀ọ̀kan ní 5.25, kí ẹ máa dín in títí SWR (ìwọ̀n agbára tó ń padà láti áńtẹ́nà) á fi wálẹ̀. Ẹ nà án láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, torí Yúróòpù wà ní àríwá gan-an sí wa, ẹ̀gbẹ́ wáyà ni ìró ń gbà jáde jù. Gíga mítà 10 ló dára. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ kàn ní láti wo ibi tí Olósùnta tàbí Òròlé wà sí ilé yín. Bí òkúta bá dí àríwá níwájú ilé, ìró tó ń rìn nísàlẹ̀ á forí sọ ọ́.

Àkókò: 21.074 àti 28.074 láti ọ̀sán títí dé kété kí oòrùn tó wọ̀, 14.074 ń gbà á lọ́wọ́ wọn lálẹ́, 7.074 láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ dé òwúrọ̀. Àwa tí a wà nítòsí ìlà agbede-méjì òòfà ayé ní ìyà kan tí àwọn ará òkè òkun kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀: láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́, pàápàá ní oṣù kẹta sí ìkẹrin àti ìkẹsàn-án sí ìkẹwàá, ìró á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ìlà tó le gan-an á kọ̀ láti tú. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rédíò yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí bandi mìíràn tàbí kí ẹ lọ jẹun. Tí ààrá bá sì ti ń kùn láti ọ̀nà jíjìn, ẹ já coax kúrò lẹ́yìn rédíò, kí ẹ gbé orí rẹ̀ síta fèrèsé.

Ẹ rí i pé locator (àmì ibi tí ẹ wà) inú WSJT-X jẹ́ JJ27, gbogbo Ìkẹ́rẹ́ àti Adó ló wà níbẹ̀. Fún ìwé àkọsílẹ̀ ìdíje, CQ zone 35, ITU zone 46.

Ní ti èrò tó ń rọ́ lù yín: 5N ò pọ̀ lórí afẹ́fẹ́, wọ́n á máa wá ni. Ẹ mú ibi tó ṣófo lójú waterfall, ẹ fi àmì sí "Hold Tx Freq", kí ẹ má kúrò níbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá pè yín láti ibòmíràn. Ẹ má fi Fox mode (dídá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan) ṣe é lórí 28.074, kò sí fún fríkúẹ́ńsì tí gbogbo ayé ń lò. Ẹ jẹ́ kí WSJT-X dá ẹni àkọ́kọ́ tó tú lóhùn, kí ẹ parí pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó wo ẹlòmíràn. Tí ẹ bá fi -12 (bí ìró rẹ̀ ṣe le tó, ní dB) ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta tí kò fèsì, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun ló ń fi R-15 (mo gbà á, ìró tiyín jẹ́ -15) ránṣẹ́ léraléra, RR73 yín (mo gbà á, ó dàbọ̀) ni kò tíì gbọ́. Ẹ tún un fi ránṣẹ́, ẹ má tíì pe CQ.

Wáyà_Ìkẹ́rẹ́

Mo ti yí coax mọ́ òrùka, ferrite VGA náà ti wà lórí okùn USB. Ìpè ogún lórí 14, USB ò já lẹ́ẹ̀kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: tí mo bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ gidi sí ènìyàn, tó ju -12 àti 73 lọ?

Adó_14074

Gbogbo ohun èlò kan náà ni, sọ́fítíwíà nìkan ló yàtọ̀. Fldigi fún PSK31 ní 14.070: ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́, ẹni kejì á máa kà á lójú ẹsẹ̀, aago ò sì kàn án, ALC nìkan ni kí ẹ ṣọ́, torí PSK31 ń lọ sókè sódò bí ohùn, abẹ́rẹ́ tó bá gbéra níbẹ̀ á fọ́n ká sára aládùúgbò lóòótọ́. JS8Call wà ní 14.078 àti 7.078, ọ̀nà FT8 ló ń gbà, nítorí náà aago tún ṣe pàtàkì, àmọ́ ó ń gbé ọ̀rọ̀ gígùn, ó sì máa ń gbọ́ ìró tó rẹlẹ̀ ju ti PSK31 lọ. Lálẹ́ oṣù kẹta tí ìró bá ń gbọ̀n, Olivia ni kí ẹ gbìyànjú nínú Fldigi yẹn náà, 8/500 tàbí 16/500. Kò yá, ṣùgbọ́n ó máa ń dé.